Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Bàálé Mi Sọ



Obìnrin àgbẹ̀ ni mí. Adakplamè ni mo ń gbé, lórí ilẹ̀ gíga Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti òwú ni à ń gbìn. Mo tún máa ń yan gàrí tà ní ọjọ́ ọjà. Èmi kò lọ sí ilé ìwé nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo ti bí ọmọ mẹ́rin kí n tó mọ A yàtọ̀ sí B. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo lọ ní alẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ka èdè Nàgó wa. Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ka nọ́ńbà.

Wọ́n ní kí olúkúlùkù wa kọ ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ sí i, tí ó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Èyí ni tèmi. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ bàálé mi ni, àti ọ̀rọ̀ ìwé kékeré kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí.

Ní ìgbà òjò ọdún 2022, bàbá àwọn ọmọ mi lọ ro oko àgbàdo. Ọkọ́ yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ṣá a ní ẹsẹ̀ òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ìka tó kéré jù. Ọgbẹ́ náà kò tóbi. Ó já ewé, ó fi nu ẹ̀jẹ̀ kúrò, ó fi àkísà dì í, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó délé, mo fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ọgbẹ́ ọkọ́ kì í pa àgbẹ̀." A jọ rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ náà wú. Ní ọjọ́ kẹta, ara rẹ̀ gbóná, ó sì ń gbọ̀n. A ní ibà ni. Ní ìgbà òjò, ta ni ibà kì í ṣe? Mo ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e kiri nínú ọjà. Ó lò ó, ó sì sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Kò gbóná mọ́. Inú mi dùn. Mo ní ibà ti lọ. Ẹ̀yin ará mi, ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Ara rẹ̀ kò gbóná mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù bí omi inú kànga. Ó ń mí bí ẹni tó sáré láti oko délé. Kò tọ̀ láti àná. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, ó wò mí lójú, ó sì fi orúkọ ìyá rẹ̀ pè mí. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́.

Ẹ̀rù ba gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní òkú ló ń pè é. Ó ní kí a kọ́kọ́ lọ béèrè ohun tí òkú ń fẹ́. Èmi kò dá a lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá wọn ṣe kí ó tó kú, ní ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tó bí ọmọ rẹ̀ tó kẹ́yìn. Ara rẹ̀ gbóná, ó tún tutù, ó sọ̀rọ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni, ó sì lọ. Títí di òní, kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó pa á.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wo ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wo ara. Bí a bá ti débẹ̀, kí ẹ lọ béèrè ohun tí ẹ bá fẹ́." Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fúnra rẹ̀ lọ pe zémíjàn wá. Bàálé mi jókòó sí àárín, mo dì í mú láti ẹ̀yìn. Ẹrẹ̀ pupa ta sí wa lára títí a fi dé àgọ́ ìlera.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ kò pẹ́ kó tó mọ̀. Ó wo aago, ó sì ka iye ìgbà tí bàálé mi mí ní ìṣẹ́jú kan. Ìgbà 32 ni. Ó wọn agbára tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ń ṣàn. Nọ́ńbà òkè jẹ́ 80. Ó bi í ní orúkọ rẹ̀, kò lè dáhùn. Ó fa omi sí i lára, ó gún un ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò, ó sì wá ọkọ̀ tí yóò gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Èmi kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà.

Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ bàálé mi sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún. Mo bínú. Mo ní ẹni tó ń kú lọ, kí ló dé tí wọ́n tún ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Bí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ náà tán, dókítà kò dúró de èsì. Kíá ló ní kí wọ́n fún un ní oògùn apakòkòrò mìíràn, kí wọ́n sì tún fa omi sí i. Èsì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Èdè Faransé ni dókítà náà ń sọ. Nọ́ọ̀sì ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó gbọ́ Nàgó dáadáa. Òun ló ń túmọ̀ fún mi. Ó ní, "Ìyá, ibà kọ́. Kòkòrò ló gba ojú ọgbẹ́ wọ ara bàbá. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní sẹ́písísì ló ń ṣe wọ́n."

Mo ní kò yé mi.

Ó ní, "Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ọdẹ ṣe máa ń finá sí igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti lé eku jáde. Bí iná náà bá mọ níwọ̀n, eku yóò jáde, wọn yóò sì pa á. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá gbé iná náà, yóò jó oko, yóò jó àká, yóò sì jó ilé. Kòkòrò inú ọgbẹ́ ni eku yẹn. Iná náà ni ìjà tí ara ń jà láti lé e jáde. Ní ara bàbá, iná náà ti kọjá ààlà. Ó ti ń jó kíndìnrín, ó ti ń jó ẹ̀dọ̀fóró, ó ti ń kan ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi tọ̀, tí wọ́n fi ń mí kíákíá, tí wọ́n sì ń pe ẹni tí kò sí."

Mo bi í pé, "Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fà yẹn ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ bí iná náà ti tó."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n mú ìwé kan wá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wò ó. Nọ́ọ̀sì náà rò pé n kò mọ̀wé kà. Mo fọwọ́ tọ́ka sí ìlà kan, mo sì kà á jáde pé, "C, R, P. Igba ó dín mẹ́rìnlá." Ó yà á lẹ́nu. Láti ìgbà náà ló ti ń jókòó tì mí, tó sì ń ṣàlàyé fún mi. Ohun tó kọ́ mi ni mo fẹ́ kọ́ yín.

Èkínní ni CRP yìí. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, tó ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ara bá ń jà. Ní ọdún 1930 ni àwọn dókítà méjì, William Tillett àti Thomas Francis, kọ́kọ́ rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ń ṣe, ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà. Bí ara ẹni bá dá, kì í sábà ju 5 tàbí 10 lọ. Ti bàálé mi jẹ́ 186. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì náà kìlọ̀ fún mi. Ó ní CRP dà bí èéfín. Bí a bá rí èéfín, a mọ̀ pé iná wà. A kò mọ ẹni tó tanná náà. Ibà lè mú un ga. Ọgbẹ́ lè mú un ga. Kódà kí wọ́n la inú ènìyàn lè mú un ga.

Èkejì ni sẹ́ẹ̀lì funfun. Àwọn ni ọmọ ogun ara. Nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kékeré tí wọ́n ń kà, wọ́n sábà máa ń wà láàárín 4,000 sí 10,000. Ti bàálé mi jẹ́ 21,000. Ogun ti dé, ọmọ ogun sì ti jáde.

Ẹ̀kẹta ni àwọn wóró kéékèèké tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tí ènìyàn bá gbọgbẹ́. Ó yẹ kí wọ́n ju 150,000 lọ. Ti bàálé mi jẹ́ 92,000. Bí sẹ́písísì bá le, àwọn wóró yìí máa ń dín kù.

Ẹ̀kẹrin ni kreatiníìnì. Ìdọ̀tí kan ni, tó yẹ kí kíndìnrín dà nù pẹ̀lú ìtọ̀. Bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́, ìdọ̀tí náà yóò máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ti bàálé mi jẹ́ 29. Ní ilé àyẹ̀wò náà, ti ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá kì í sábà ju 13 lọ.

Ẹ wá wò ó. CRP àti sẹ́ẹ̀lì funfun sọ fún dókítà pé ìjà wà. Àwọn wóró àti kreatiníìnì sọ fún un pé ìjà náà ti ń ba ilé jẹ́. Ìyàtọ̀ ńlá ni. Ẹni tí ìjà wà lára rẹ̀ lè yá láìpẹ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ ti ń bàjẹ́ lè kú ní òru ọjọ́ náà. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sọ bí àìsàn ti wúwo tó nìyẹn. Dókítà kì í wo nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

Nọ́ńbà mìíràn wà tí dókítà fẹ́ gan-an. Láktéètì ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá gbé atẹ́gùn dé gbogbo ara mọ́, láktéètì á máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ju 2 lọ, dókítà á máa ṣọ́ra. Bí ó bá dé 4, ewu ńlá ni. Ṣùgbọ́n èròjà tí ẹ̀rọ fi ń wọ̀n ọ́n ti tán ní ọjọ́ náà. Mo rò pé ó ti parí fún wa.

Dókítà náà kò bínú, kò sì jókòó. Ó mú ọwọ́ bàálé mi, ó tẹ orí ìka rẹ̀ títí ibẹ̀ fi funfun. Ó fi sílẹ̀, ó sì ń kà lábẹ́ ẹnu. Ìgbà tó ka 6 ni ẹ̀jẹ̀ tó padà síbẹ̀. Ó ní kò yẹ kó ju 3 lọ. Ní gbogbo òru ọjọ́ náà, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì ń wá tẹ ìka náà. Ó ń kà. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà pẹ̀lú rẹ̀. Mẹ́fà. Mẹ́fà. Márùn-ún. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó di mẹ́rin.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé kì í ṣe ọgbọ́n àìní nìkan ni dókítà náà dá. Ní ọdún 2019, àwọn dókítà ní orílẹ̀-èdè márùn-ún ní Gúúsù Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Aláìsàn 424 ni wọ́n tọ́jú. Apá kan, wọ́n ń tẹ̀lé láktéètì wọn. Apá kejì, wọ́n ń tẹ ìka wọn. Àwọn tí wọ́n tẹ ìka wọn kò kú ju àwọn yòókù lọ. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: ẹ̀rọ dára, ṣùgbọ́n ojú àti ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ náà dára.

Ní ọjọ́ kejì, ìwé tuntun dé. Mo sáré gbà á. Mo wá C, R, P. Mo rí 243. Ọjọ́ kìíní, 186. Ọjọ́ kejì, 243. Mo jókòó sílẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní oògùn kò ṣiṣẹ́. Mo ti ń ronú irú aṣọ tí a ó fi dì í.

Nọ́ọ̀sì náà dé bá mi níbẹ̀. Ó gba ìwé náà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ìlà kan péré lẹ kà." Ó fi hàn mí pé kreatiníìnì ti bọ́ láti 29 sí 22. Ó ní bàbá ti tọ̀ ní òru. Ó ní wọ́n ń mí ní ìgbà 24 ní ìṣẹ́jú kan báyìí, kì í ṣe 32 mọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ pé CRP máa ń pẹ́ kó tó gòkè, ó sì máa ń pẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó lè máa ga sí i fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn tí ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀, bí èéfín ṣe ń rú lẹ́yìn tí a bá da omi síná.

Ọjọ́ náà ni mo kọ́ ẹ̀kọ́ tí n kò ní gbàgbé. Kí a mọ̀wé kà dára. Ṣùgbọ́n kí a ka ìlà kan, kí a má ka èyí tó kù, ó lè pa ènìyàn lẹ́kún láìnídìí.

Bàbá àgbà kan wà ní ibùsùn tó tẹ̀ lé tiwa. Ara rẹ̀ kò gbóná rárá. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ pé kò ṣe é púpọ̀, pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbé e lọ sílé. Wọ́n ní bàálé mi ni àìsàn rẹ̀ le. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán, dókítà bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Sẹ́ẹ̀lì funfun bàbá náà kò pọ̀. Kò tó 2,000. Nígbà tí ọmọ ogun pọ̀, a mọ̀ pé ogun wà. Nígbà tí ogun wà, tí a kò sì rí ọmọ ogun mọ́, ìyẹn burú jù. Bàbá náà kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Mo bá wọn sunkún. Láti ìgbà náà, n kò fi gbígbóná ara nìkan wọn àìsàn mọ́. Ara àgbàlagbà, àti ara ọmọ ìkókó, lè tutù kó sì máa kú lọ.

Ní ọjọ́ kẹrin, CRP bàálé mi di 120. Ní ọjọ́ keje, ó di 38. Sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ di 11,000. Ó pè mí ní orúkọ mi. Ó béèrè pé ta ló ń ṣọ́ oko. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún pọ̀.

Èmi kò ní purọ́ fún yín. Kì í ṣe pé ó jáde bó ti wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì, nítorí wọ́n ti kú. A ta àgbàdo àpò mẹ́rin, a sì yáwó kún un. Oṣù mẹ́fà ni kò lè gbé ọkọ́. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́, ó máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wa pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn sẹ́písísì. Ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Lónìí, ó ń lọ sí oko. Bàtà ló ń wọ̀ lọ.

Nígbà tí a padà dé Adakplamè, olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní kí n sọ ìtàn náà fún gbogbo kíláàsì. Òun náà wá bá wa ka díẹ̀ nínú ohun tí àwọn onímọ̀ kọ. A rí i pé kì í ṣe ilé mi nìkan ni àìsàn yìí wọ̀. Ìṣirò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2020 sọ pé ní ọdún 2017, ó ṣe nǹkan bí mílíọ̀nù 49 ènìyàn ní gbogbo ayé. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 nínú wọn ló kú. Ọ̀pọ̀ jù nínú wọn wà ní àwọn ilẹ̀ tí kò lówó, bíi tiwa. Àwọn ọmọdé pọ̀ nínú wọn, àti àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ní ọdún 2017 yìí kan náà, gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé fohùn ṣọ̀kan ní ìlú Geneva pé kí ìjọba kọ̀ọ̀kan gbógun ti sẹ́písísì. Ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdọọdún ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀.

A tún kà pé àwọn onímọ̀ ń wá àmì mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1993, àwọn dókítà ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé ohun kan tí wọ́n ń pè ní prokalsitoníìnì máa ń ga sókè nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí bakitéríà bá wọ ara tó sì le. Ó máa ń yára gòkè ju CRP lọ, ó sì máa ń yára sọ̀ kalẹ̀. Ó ń ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ ìgbà tó yẹ kó dá oògùn dúró. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní ẹkùn wa kò sì ní in.

Ṣé kí àwa tí a jìnnà sí ẹ̀rọ wá jókòó máa wòran ni? Rárá. Ní ọdún 2017, àwọn oníṣègùn kó àkọsílẹ̀ aláìsàn jọ láti Gabon, Malawi, Sierra Leone, Tanzania, Uganda àti Zambia. Wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n kan fún ilé ìwòsàn ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ń wo bí ara ṣe gbóná tàbí tutù tó, bí ọkàn ṣe ń lù, bí ènìyàn ṣe ń mí, agbára ẹ̀jẹ̀, atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀, bóyá iyè rẹ̀ pé, àti bóyá ó ní kòkòrò éèdì. Wọ́n ń ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, nọ́ńbà tó bá jáde á sọ ẹni tí ewu ikú wà lórí rẹ̀. Apá kan nínú rẹ̀ kò gba ju aago àti ojú tó ń ríran lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wa lè kà nílé.

Bí ẹnì kan bá ní ọgbẹ́, tàbí ó ń wúkọ́, tàbí inú ń run ún, tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ara rẹ̀ sì gbóná tàbí tí ó tutù jù, ẹ máa wò ó dáadáa. Ẹ ka mímí rẹ̀. Bí àgbàlagbà bá mí tó ìgbà 22 ní ìṣẹ́jú kan láìsáré, ẹ má fi ṣeré. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ tí kò yé, tàbí tí oorun rẹ̀ kò ṣe é jí, ẹ gbé e lọ. Bí kò bá tọ̀ ní ọ̀sán tàbí ní òru kan, ẹ gbé e lọ. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá tutù, tí ẹ tẹ ìka rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì pẹ́ kó tó padà, ẹ gbé e lọ. Bí ọmọ ìkókó kò bá fẹ́ mu ọmú mọ́, ẹ gbé e lọ. Ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó. Ẹ má dúró kí gbogbo wọn pé.

Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀, ẹ má bínú bí mo ti bínú. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ ta á. Wọ́n fẹ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀ ni. Ẹ gba ìwé èsì náà, ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń sọ. Ẹ fi ìwé ti òní wé ti àná. Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà kan ṣoṣo dẹ́rù bà yín tàbí kó tàn yín.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ tètè lọ. Ìwádìí kan láti Kánádà àti Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2006, fi hàn pé nígbà tí sẹ́písísì bá ti mú kí agbára ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan já, wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá kó tó gba oògùn tó tọ́, ń dín àyè tó ní láti yè kù gidigidi. Wákàtí ni wọ́n ń kà. Èmi, ọjọ́ ni mo fi ń ṣeré. Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

Àwọn ìwé bàálé mi wà nínú àpótí irin mi títí di òní. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá sí ilé wa. Ó ní kí n kó wọn jáde, kí n kà wọ́n fún òun. Mo tan fìtílà, mo sì kà wọ́n láti ọjọ́ kìíní títí dé ọjọ́ keje. 186. 243. 120. 38. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo parí, ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ká ní wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ìyá wa nígbà yẹn ńkọ́?"

N kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Mo ká àwọn ìwé náà, mo sì dá wọn padà sínú àpótí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wá sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Ẹ̀yìn ló jókòó sí, pẹ̀lú gẹ̀dú kékeré kan lọ́wọ́. Ó ti ń kọ nọ́ńbà báyìí.